Iná Wo Ló Yẹ Rédíò Oníbátìrì Ayé Àtijọ́?

Lọ́dún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, ẹ̀rọ tó sì ń pèsè rẹ̀ nígbà náà kò ju 60 kílówáàtì lọ. Nígbà tó fi máa di 1923, ilé iṣẹ́ amúnáwá Ìjọra ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọlé àwọn ará Èkó. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri kò bèèrè bátìrì, kò sì bèèrè iná: inú wáyà kan náà ni ohùn àti agbára tó ń gbé ohùn ti ń wọlé. Onílé kàn ń san owó oṣooṣù ni.

Ẹni tí wáyà yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí iná kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n ṣe rédíò oníbátìrì fún. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn nílẹ̀ Áfíríkà ni Saucepan Special, tí Harry Franklin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Lusaka, mú kí ilé iṣẹ́ Ever Ready ṣe jáde ní 1949. Ó rí roboto bí ìkòkò ọbẹ̀, ó sì ní àwọ̀ búlúù. £5 ni rédíò náà, bátìrì rẹ̀ jẹ́ £1 àti ṣílè márùn-ún, ó sì ń lò tó nǹkan bíi 300 wákàtí. Ọdún 1954 ni rédíò onítíráńsísítọ̀ àkọ́kọ́ jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún mélòó kan sí i, rédíò onífáàfù bíi ti Saucepan Special di ẹrù ìgbàgbé, nígbà tó sì yá, bátìrì ńlá 90 fóòtì tó ń jẹ kúrò lọ́jà.

Nísinsìnyí tí àwọn ọmọ-ọmọ ń gbé àpótí bàbá wọn àgbà jáde láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti orí àjà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bá pàdé: iná wo ni kí wọ́n fún un? Àwọn tó ń dáhùn pọ̀, wọn kò sì fẹnu kò. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fi ń díwọ̀n gbogbo ìdáhùn náà kò ju méjì lọ: ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún okùn iná inú fáàfù, àti ohun tó lè ṣe fún ọwọ́ ẹni tó bá fi kan rédíò náà. Owó àti ìrọ̀rùn ń tẹ̀ lé e.

Ohun tí rédíò náà ń jẹ

Oúnjẹ méjì ló ń jẹ. Èkíní ni iná kékeré tó ń mú fílámẹ́ǹtì fáàfù gbóná, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní A. Èkejì ni iná gíga tó ń gba inú fáàfù kọjá láti sọ ohùn di ńlá, tí wọ́n ń pè ní B. Rédíò tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ní fáàfù mẹ́rin, DK91, DF91, DAF91 àti DL92, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 1R5, 1T4, 1S5 àti 3S4. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń jẹ 50 mílíámpù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹrin ń jẹ 100. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 250 mílíámpù ní 1.4 fóòtì. Ní ti B, 67.5 tàbí 90 fóòtì ni, ní ìwọ̀n 8 sí 15 mílíámpù. Téèyàn bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, gbogbo rédíò náà kò jẹ tó 2 wáàtì, èyí tó kéré sí ohun tí gílóòbù LED kan ṣoṣo nínú palọ̀ ń jẹ.

Ìran fáàfù tó dé lẹ́yìn wọn ní àwọn ọdún 1950, DK96 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fi ìdajì dín iná A kù. Àwọn fáàfù tó ṣáájú DK91 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo 2 fóòtì láti inú bátìrì olómi, pẹ̀lú B tó tó 120. Nítorí náà, nọ́ńbà ara fáàfù ni kéèyàn kọ́kọ́ kà kó tó fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀.

Fílámẹ́ǹtì DF91 tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí rédíò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, ojú kò ní rí i pé ó pọ́n. Inú òkùnkùn nìkan ni ìtànná rẹ̀ ti ń hàn fírífírí. Bí wọ́n bá ṣèèṣì ki pulọ́ọ̀gì B sí ojú A, 90 fóòtì yóò gba inú fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní rú èéfín, kò ní bú gbàù. Gbogbo rẹ̀ á kàn dákẹ́, ó sì tán nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó mú kí okùn yìí le koko láti bọ́. Nínú fáàfù rédíò tó ń lo iná NẸ́PÀ, fílámẹ́ǹtì wà nínú ọ̀pá kékeré kan tó ń gbà gbóná lára rẹ̀. Ọ̀pá náà ló ń tu ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù jáde. Nínú fáàfù oníbátìrì, fílámẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ń tu ú jáde. Ìyẹn ni pé bí iná A bá ń mì díẹ̀, ìmìtìtì náà yóò di ohùn tààrà. Bátìrì kì í mì, ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe rédíò náà kò fi ronú lórí rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó fẹ́ tan rédíò náà ló gba ọ̀rọ̀ kan láìjiyàn: kí wọ́n tó fún rédíò náà ní iná èyíkéyìí, kí wọ́n pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ oníbébà àti èyí tó ń di iná B mú. Àádọ́rin ọdún nínú ooru àti ọ̀rinrin Èkó kò fi wọ́n sílẹ̀ láàyè. Èyí tó bá ń jò lójú fáàfù tó gbẹ̀yìn yóò mú kí fáàfù náà máa jẹ B ní àjẹjù, iná tó mọ́ jù lọ láyé kò sì lè gbà á là.

Bátìrì ni kó máa jẹ

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni àwọn tó ní bátìrì ni wọ́n fi ṣe é, bátìrì ló sì yẹ kó máa jẹ. Bátìrì 90 fóòtì ti lọ, ṣùgbọ́n bátìrì 9 fóòtì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi sínú máíkì wà ní gbogbo ìsọ̀. Orí rẹ̀ ní bọ́tìnnì méjì, akọ kan àti abo kan. Akọ ti ọ̀kan ń wọ abo ti èkejì, ó sì ń dún kọ́ tó bá wọlé. Tí mẹ́wàá bá ti so mọ́ra báyìí, 90 fóòtì ti dé láì sí lẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń wá 67.5 lè so méje kó rí 63, tàbí mẹ́jọ kó rí 72. Rédíò kò ní mọ ìyàtọ̀. Ní ti A, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ṣoṣo tó.

Kò sí ọ̀nà tó mọ́ ju èyí lọ létí. Kò sí ìkùn, kò sí ariwo, kò sí wáyà tó so rédíò mọ́ ògiri, bí ọmọdé bá sì fọwọ́ kan irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, iná ìjọba kò lè gbé e. 90 fóòtì inú bátìrì lè ta ọwọ́ ṣá, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n fi páálí tàbí àpótí bò ó. Ọ̀pọ̀ ń tún páálí bátìrì àtijọ́ ṣe, wọ́n ń kó bátìrì tuntun sínú rẹ̀, rédíò á sì rí lójú bó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Àìlera ẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bátìrì 9 fóòtì tó dára ń gbé nǹkan bíi 500 mílíámpù-wákàtí, bí rédíò bá ń fa 10, 50 wákàtí ni. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá tó jẹ́ ojúlówó alkaline ń lò tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú A. Èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú kò lè dé ìdajì. Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò fún wákàtí méjì lójúmọ́ yóò da mẹ́wàá nù kí oṣù tó pé, nígbà tí Saucepan Special ń lo 300 wákàtí lórí bátìrì kan. Ìdọ̀tí bátìrì yẹn kò ní ibi gidi tí yóò lọ nílùú tí gọ́tà ti kún.

Àwọn kan ń fi bátìrì tó ṣeé gba iná sí rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ 9 fóòtì sí lára nínú àwọn yìí sábà máa ń jẹ́ 8.4 tàbí 7.2, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ń fúnni ní 1.2 dípò 1.5. Níbi tí A bá ti lọ sílẹ̀ jù, DK91 ló kọ́kọ́ ń rẹ̀wẹ̀sì: ibùdó orí shortwave á kọ́kọ́ pòórá, ti medium wave á tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fáàfù yòókù ṣì ń mí.

Iná NẸ́PÀ àti tíránsífọ́mà

Ẹgbẹ́ kejì ní àwọn oníṣẹ́ rédíò tó dàgbà nídìí tíránsífọ́mà. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ràn jù ni tíránsífọ́mà kékeré méjì tó kọ ẹ̀yìn síra. Èkíní ń sọ 230 fóòtì ògiri di 12. Èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti sọ 230 di 24, ṣùgbọ́n wọ́n yí i padà, wọ́n fún un ní 12 náà, ó sì gbé e gòkè sí nǹkan bíi 115. Dáyódì á sọ ọ́ di DC, kàpásítọ̀ á mú un tẹ́jú, rẹsítọ̀ àti dáyódì zener á bù ú kù sí 90. Ní ti A, ṣíìpù LM317 kan tí wọ́n ṣètò sí 1.4 tó, tó bá ní àwo irin tí yóò máa gba ooru rẹ̀. Gbogbo èyí wà ní ọjà Alábà, ọmọṣẹ́ tó mọ lẹ́ẹ̀dì jó sì lè parí rẹ̀ láàárín òpin ọ̀sẹ̀.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé tíránsífọ́mà ya rédíò kúrò lára wáyà ìjọba pátápátá, kò sì pariwo sí eriali. Owó iná rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé iye iná fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Bí gbogbo ètò yìí, pẹ̀lú ohun tó ń ṣòfò sínú ooru, bá ń jẹ 10 wáàtì, owó yẹn á gbé rédíò fún 100 wákàtí.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìkùn, àti iná fúnra rẹ̀. Iná tó bá kọjá nínú dáyódì ń mì ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí a sì ti rí i, fílámẹ́ǹtì á sọ ìyókù ìmìtìtì náà di ohùn. Ó gba kàpásítọ̀ ńlá àti LM317 tó ní fóòtì tó pọ̀ tó lójú àbáwọlé kó tó dákẹ́. Bí LM317 bá bàjẹ́ tó sì jọ̀wọ́ gbogbo iná, fáàfù mẹ́rin lọ. Ìdí nìyí tí dáyódì sílíkónì méjì fi gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹnu A, pẹ̀lú fíúsì níwájú wọn: wọn kò ní jẹ́ kí iná kọjá nǹkan bíi 2 fóòtì títí fíúsì á fi já. Ẹni tó bá yọ èyí sílẹ̀ kò tíì kọ́ ẹ̀rọ rárá. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fóòtì rẹ̀ ń gòkè-sọ̀ kalẹ̀, ń dán ètò náà wò lójoojúmọ́. Nígbà tí ètò iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan ní 2024, rédíò onítíránsífọ́mà ní Marina dákẹ́ bí ti gbogbo ilé yòókù. Rédíò tí wọ́n ṣe fún ibi tí kò síná ti wá di ẹrú iná.

Ọ̀nà kan wà tó jọ èyí tí kò yẹ kí wọ́n kà mọ́ ọn: kí wọ́n ki rédíò bọ ògiri láì sí tíránsífọ́mà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Zenith Trans-Oceanic H500 ti 1951 lè lo bátìrì tàbí iná 117 fóòtì ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ àwọn tó rìnrìn àjò. Wáyà kan láti ògiri lè kan irin inú irú rédíò bẹ́ẹ̀ tààrà. Ní Èkó, 230 jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó ń retí, ọ̀pọ̀ stepdown tí wọ́n ń tà kò sì yà á kúrò lára iná ìjọba. Ó kàn ń bù ú kù ni. Àwọn fílámẹ́ǹtì rẹ̀ tún wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá fa fáàfù kan yọ nígbà tó wà lórí iná, kàpásítọ̀ á kún dẹ́nu. Bó bá dá a padà, iná tó kún yẹn á tú sínú fílámẹ́ǹtì. Fáàfù 1L6 inú rẹ̀ wọ́n bí ojú, ẹ̀yìn àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kan sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Bátìrì kan, fóòtì méjì

Ẹgbẹ́ kẹta ló ń pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọwọ́ wọn ni ìjiyàn sì ti gbóná jù. Wọ́n ní kí bátìrì kan tó ṣeé gba iná sí, lithium inú fóònù tàbí 12 fóòtì inú UPS, dúró sínú àpótí, kí ẹ̀rọ kékeré kan gbé e gòkè sí 90, kí òmíràn sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1.4. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1930, rédíò inú ọkọ̀ ti ń lo irin kékeré tó ń gbọ̀n ní bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá láti sọ 6 fóòtì di iná gíga. Ohun tó yí padà ni pé ṣíìpù kékeré bíi MC34063 ń ṣe iṣẹ́ irin yẹn báyìí.

Ìṣirò wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bátìrì UPS 12 fóòtì, 7 ámpù-wákàtí, ń gbé 84 wáàtì-wákàtí. Bí ẹ̀rọ bá fi ìdá 30 nínú 100 ṣòfò, tí rédíò ń jẹ 1.25 wáàtì, ó lè lò tó 45 wákàtí. Ẹni tí kò fẹ́ fa bátìrì náà kọjá ìdajì á rí bíi 22. Lithium kékeré kan tó tó àtàǹpàkò á gbé e fún wákàtí bíi márùn-ún. Nígbà tí iná bá dé, ó gba iná sí. Nígbà tí iná bá lọ, orin kò dúró. Ìgbé ayé Èkó gan-an nìyí, àgbéyẹ̀wò yìí sì gbà pé kò sí ọ̀nà tó bá ìlú náà mu tó èyí.

Ṣùgbọ́n ó ń pariwo. Ká ní ẹ̀rọ náà ń tan-pa ní ìgbà 60,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 60 kHz. Ìró rẹ̀ kò dúró síbẹ̀; ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìlọ́po 60. Orí medium wave, láti 531 dé 1602, yóò yọjú ní 540, 600, 660, títí dé 1560: ibi méjìdínlógún tí ìfé á ti bo ibùdó mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún ṣubú súnmọ́ 465, ìyẹn agbègbè tí inú irú rédíò yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ibi tí wọn á yí bọ́tìnnì sí tí kò ní gbọ́ ọ. Eriali rédíò náà wà nínú àpótí, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, nítorí náà ariwo àti etí ń gbé yàrá kan náà.

Ojútùú wọn ni agolo irin tó bo ẹ̀rọ náà yíká, koìlì àti kàpásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, àti wáyà kúkúrú. Agolo mílíìkì tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì dé ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Àwọn kan kọ ojútùú yìí, wọ́n padà sí ọ̀nà àtijọ́: tíráńsísítọ̀ méjì tó ń tan-pa ní ìgbà 50 tàbí 100 péré ní ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú tíránsífọ́mà 6 fóòtì tí wọ́n yí padà. Ariwo rẹ̀ kéré lórí medium wave, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń ṣòfò ju ti ṣíìpù lọ. Ohun mìíràn tí wọn kì í sábà ka sí ni ewu tuntun: bí ẹ̀rọ tó ń sọ 12 di 1.4 bá bàjẹ́, 12 fóòtì ló máa dé fílámẹ́ǹtì. Dáyódì méjì àti fíúsì di dandan níhìn-ín náà.

Sólà àti ínfátà

Àwọn tó ní ínfátà nílé ń béèrè ìdí tí wọn kò fi lè ki rédíò onítíránsífọ́mà bọ̀ ọ́. Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n bátìrì DC ń di AC kó tó tún di DC, ínfátà olówó pọ́ọ́kú sì ń pariwo sínú rédíò ju ṣíìpù kékeré lọ. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 10 wáàtì tó ń bọ́ bátìrì 12 fóòtì tààrà dára jù ú lọ, kìkì kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà jìnnà sí eriali. Lábẹ́ ohun gbogbo, ẹ̀ka ẹgbẹ́ kẹta ni wọ́n.

Kí wọ́n má tanná sí i

Ẹgbẹ́ kan kò fẹ́ iná rárá. Ojú tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń wo ohun ìní ni wọ́n ń fi wò ó, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn láti 1957. Lójú wọn, kàpásítọ̀ àtilẹ̀wá jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ṣe rédíò ní 1949, ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ ti pa ẹ̀rí náà rẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn lágbára fún rédíò tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Fún àpótí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìdílé, ó ṣòro láti gbà, nítorí pé rédíò tó dákẹ́ kì í pẹ́ di igi ìdáná tàbí ẹrù àwọn tó ń ra àlòkù.

Ní òdìkejì wọn ni àwọn tó ń tú inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n ń fi Bluetooth sínú pákó. Ó rọrùn, ohùn rẹ̀ ga, ẹwà rẹ̀ kò dínkù. Ṣùgbọ́n rédíò kọ́ ni mọ́, àwọn fáàfù tó bá jáde nínú rẹ̀ sì yẹ kó dé ọwọ́ ẹlòmíràn tó ń wá wọn, kó má bàa di ìdọ̀tí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí

Níti okùn iná inú fáàfù, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí fóòtì tó yẹ. Apá kan ní kí A dúró gangan ní 1.4, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fáàfù sí. Apá kejì ní 1.25 máa ń mú kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, ohun tí wọ́n sì ń pàdánù lórí shortwave kò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbọ́ ibùdó ìtòsí. Àwọn fáàfù ọ̀hún yàtọ̀ síra láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú páálí, ìdí nìyí tí àbájáde ẹnì kan kì í fi bá ti ẹlòmíràn mu.

Lórí ariwo náà, agolo mílíìkì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, kì í ṣe fún gbogbo rédíò. Ibi tí eriali wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ìbéèrè tó kù kò sí nínú ẹ̀rọ kankan. Láti 1977 ni FM ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Raypower sì dé gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ aládàáni ní 1994. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀, orin àti ìròyìn Yorùbá tó ń jáde ní ìlú ti kó lọ sórí FM, tí rédíò onífáàfù mẹ́rin yìí kò lè gbọ́. Shortwave ṣì ń mú àwọn ibùdó òkèèrè wá lálẹ́, medium wave sì ń ṣófo. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ AM kékeré tí kò kọjá palọ̀, kó máa gba ohùn láti inú fóònù fún rédíò àtijọ́ náà. Ìlànà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kò tíì yé àwọn tó ń kọ́ ọ, agbára tó tó láì dí aládùúgbò lọ́wọ́ kò sì tíì ní ìdáhùn tí gbogbo wọn gbà.

Ilé iṣẹ́ ńlá kankan kò ṣe DK91 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Bóyá kí àwọn tó ní wọn máa tan wọ́n lójoojúmọ́ títí tí wọn á fi tán, tàbí kí wọ́n fi wọ́n pamọ́ fún ọjọ́ ọdún àti àlejò pàtàkì, ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà.